Ǹjẹ́ Ẹni tí ó Dákẹ́ Ti Purọ́?

Àwọn àgbà a máa wí pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé ó ti yé mi. Mo rò pé àwọn tí ń fi òṣùwọ̀n èké ta gàrí nìkan ni ó ń bá wí. Ní ọdún 2023 ni mo tó mọ̀ pé ẹni tí òwe náà ń bá wí lè jókòó sí iwájú ilé wa, kí ó káwọ́ lẹ́rán, kí ó má sì sọ gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré kan tí ó ti dàgbà ni ó fà á. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi kí ẹ fi sùúrù gbọ́ ìtàn náà, nítorí pé ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ó jẹ mí lógún.

Ìpọ̀nrí ni ilé bàbá bàbá mi wà, ní Èkó, níbi tí kò jìnnà sí pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè. Olùkọ́ ni bàbá náà. Ní ọdún 1978, ọdún tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó ra Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá. Ilé iṣẹ́ tí ó ń tò ó wà ní Òjò, ní ojú ọ̀nà Badagry. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo ọkọ̀ náà dáadáa yóò mọ̀ pé orúkọ yẹ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì bí igbá. Ẹ̀yìn náà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Kì í mu omi bí ọkọ̀ yòókù, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára. Kò yára, ṣùgbọ́n a máa dé ibi tí ó ń lọ.

Bàbá ní ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe ìṣirò, tí ó máa ń wà nínú ọkọ̀ náà nígbà gbogbo. Nígbà tí ó kún, ó ra òmíràn, ó sì rán an mọ́ ti àkọ́kọ́. Ohun gbogbo tí ó ṣe sí ọkọ̀ náà ni ó kọ síbẹ̀: ọjọ́, iye kìlómítà, àti iṣẹ́ tí a ṣe. Bí ọkọ̀ bá ti rìn 5,000 kìlómítà, a pààrọ̀ ọ́ìlì, nítorí pé àwọ̀n irin lásán ni Ìjàpá fi ń sẹ́ ọ́ìlì rẹ̀, ìdọ̀tí a sì máa kọjá nínú rẹ̀. A máa wọn àlàfo fáàfù ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, mìlímítà 0.15, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí fáànù tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára àti dáínámò tí ń fún ọkọ̀ ní iná. Bí bẹ́líìtì yìí bá já, iná pupa kan a tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tí ó bá rí iná yẹn tí ó ní òun yóò kọ́kọ́ délé ná, ẹ́ńjìnnì ni yóò fi san án. Nítorí náà bẹ́líìtì mìíràn kò wọ́n nínú ọkọ̀ Bàbá rí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òǹkà tí ó wà níwájú ọkọ̀ náà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní máìléèjì. Ojú márùn-ún péré ni ó ní. Bí ó bá ka 99,999, tí ọkọ̀ sì tún rìn kìlómítà kan sí i, gbogbo ojú márààrún a yí padà di òdo, bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ jáde. Ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn. Ìwé Bàbá fi hàn pé ó ti yí bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta: ní 1986, ní 1998, àti ní 2013. Ní ọdún 2023, nígbà tí Bàbá fi ayé sílẹ̀ ní ẹni ọgọ́rin ọdún, òǹkà náà ń ka 41,206. Ṣùgbọ́n 341,206 kìlómítà ni Ìjàpá ti rìn ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti tó, kí ó rántí pé láti ayé dé òṣùpá kò ju nǹkan bí 384,400 kìlómítà lọ. Ìjàpá Ìpọ̀nrí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òṣùpá, láti ẹnu ọ̀nà ilé sí ilé-ìwé, láti ilé-ìwé sí ọjà, láti ọjà sí ilé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí pinnu láti ta ọkọ̀ náà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀kánjúà ni. Owó ti tán nínú ilé, apá kan nínú owó tí a bá sì rí ni yóò san owó ilé-ìwé èmi tí mò ń kọ ìwé yìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ti ń san owó náà bọ̀, ni ó dúró ta ọjà. Ọkùnrin kan dé, ẹni tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Ó kí wa dáadáa, ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo òǹkà. Ó kọ háà! Ó ní, "Bàbá, 41,206? A jẹ́ pé ọkọ̀ yìí kò tíì rìn rárá!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ojú ọ̀nà. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi náà wo ojú ọ̀nà. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ lọ, inú rẹ̀ ń dùn, iye tí ó fẹ́ san sì ń ga sí i lẹ́nu ara rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi dákẹ́. Mo ń ka ìṣẹ́jú náà síhìn-ín nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé olódodo kan ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ àpò láti mú owó ìdúró jáde ni mo wọlé, mo mú ìwé Bàbá, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ ka èyí."

Ó kà á fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dín iye tí ó dárúkọ kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ̀. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì lọ.

Ẹ lè mọ irú alẹ́ tí mo sùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú nìkan ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá mi sọ. Àlàyé ni ó ṣe, àlàyé náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Èmi kò purọ́. N kò fi ọwọ́ kan òǹkà. Ojú òun fúnra rẹ̀ ni ó fi kà á. Ẹni tí ó bá ń ra ọjà ni kí ó la ojú sílẹ̀. Àti pé ìwọ tí o ń gbé nọ́ńbà kiri, ṣé o kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ní 1994? Ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá a rìn 341,206. Èwo wá ni òtítọ́ nínú nọ́ńbà rẹ?" N kò rí èsì fọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo ti rò láti ìgbà náà ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ wò. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni irọ́. Yorùbá ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ẹni tí ó bá mọ àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó sì pa á mọ́, ọmọlúàbí ni. Dókítà tí kò sọ àìsàn ẹnìkan fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìdákẹ́jẹ́ wọ̀nyí àti tiwa lọ́jọ́ náà? Lójú tèmi, kí a má ṣe béèrè bóyá ẹnu sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ. Kí a béèrè ẹni tí ń jẹ èrè ìdákẹ́jẹ́ náà. Ìdákẹ́jẹ́ kan wà tí ó jẹ́ aṣọ tí a fi bo ẹlòmíràn. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ àwọ̀n tí a dẹ dè é. Bí mo bá rí i pé ẹnìkan ń ṣìnà níwájú mi, tí ìṣìnà rẹ̀ sì ń di owó sí àpò mi, tí mo wá wo ojú ọ̀nà, ojú tí mo yí padà ti sọ̀rọ̀ dípò ẹnu mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A kò sọ pé àgbà náà ni ó wọ́ orí ọmọ náà; ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó sì rí i.

Èyí ti pẹ́ tí ó ti yé àwọn tí ń ṣòfin ní ibòmíràn. Ní ọdún 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ka yíyí òǹkà ọkọ̀ padà sẹ́yìn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí nínú rẹ̀ ju ìjìyà lọ ni ìwé tí olùtà ń fọwọ́ sí. Àyè kan wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí olùtà fi ń jẹ́wọ́ pé òǹkà ọkọ̀ òun ti kọjá òpin ohun tí ó lè kà. Èyí fi hàn pé kò tó kí ènìyàn sọ pé òun kò fi ọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀rọ bá gbàgbé fúnra rẹ̀, ènìyàn tí ó rántí ni kí ó sọ.

Nísinsìnyí ó ku ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí tí ó le jù. Plutarch, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ròyìn pé àwọn ará Athens tọ́jú ọkọ̀ ojú omi Theseus, akọni wọn, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí pákó kan bá jẹrà, wọn a yọ ọ́, wọn a fi tuntun rọ́pò. Àwọn amòye wá ń jiyàn lé e lórí: apá kan ní ọkọ̀ kan náà ni, apá kejì ní kì í ṣe ọkọ̀ náà mọ́. Ó dùn mọ́ mi pé ní èdè tiwa, orúkọ kan náà ni ọkọ̀ Theseus àti ọkọ̀ Bàbá ń jẹ́. Ohun tí ń rin omi ni àwọn baba wa kọ́kọ́ ń pè ní ọkọ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, wọ́n fún un ní orúkọ àgbà náà jẹ. Èdè fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọkọ̀ tí à ń pààrọ̀ pákó rẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà Ladípọ̀ ní Mushin, níbi tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí àwọn mẹkáníìkì: bíréèkì, púlọ́ọ̀gì, gíà, kábúrétọ̀. Àjèjì ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Kí ni kò jẹ́ kí ó di èdè mìíràn? Àwọn tí ń sọ ọ́ kò já okùn rẹ̀. Ẹnìkan gbà á lẹ́nu ẹnìkan, òun náà sì fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ rí. Òtítọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ: 341,206 nìkan kì í ṣe òtítọ́ ọkọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí 41,206 kì í ti í ṣe é. Nọ́ńbà ń sọ ibi tí nǹkan ti rìn dé. Kì í sọ ọwọ́ tí ó tọ́jú rẹ̀. Orúkọ àdúgbò wa jọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan. Àwọn àgbà ń pe ọmọ-ìka ńlá ẹsẹ̀ ní ìpọ̀nrí, wọ́n sì gbà pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti so mọ́ orísun rẹ̀ àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá lè ní ìpọ̀nrí, kò sí nínú ẹ́ńjìnnì, kò sí nínú òǹkà. Inú ìwé tí Bàbá rán pọ̀ ni ó wà. Níbẹ̀ ni a ti kọ pé òǹkà yí, pé ẹ́ńjìnnì kú, pé a fi òmíràn sí i, pé a kò jẹ́ kí okùn ìtọ́jú já. Ẹni tí ó bá fi ìwé náà pamọ́ ti gé ọkọ̀ náà kúrò lára orísun rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìpalára rẹ̀ kì í ṣe ti owó nìkan. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ tí à ń pè ní tòkunbọ̀. Orúkọ iyì ni Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí ó sì padà wálé. Nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986 ti sọ ọkọ̀ tuntun di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó mọ́, a mú orúkọ ọmọ yìí, a fi bo ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò. Ó sọ ibi tí ọkọ̀ ti wá, kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní bẹ́líìtì rọ́bà kan nínú ẹ́ńjìnnì tí ó yẹ kí a pààrọ̀ nígbà tí wọ́n bá rìn tó bí 100,000 kìlómítà. Bí ẹnìkan bá ti yí òǹkà padà sí 60,000 nígbà tí ọkọ̀ ti rìn 160,000, ẹni tí ó rà á yóò rò pé àyè ṣì wà. Yóò fi àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, yóò gun afárá. Bí bẹ́líìtì náà bá já ní àárín afárá, fáàfù lè tẹ̀, ẹ́ńjìnnì a sì kú lójijì láàrin ọkọ̀ tí ń sáré. Ohun tí olè yìí jí kò mọ sí owó. Ó jí àǹfààní tí ẹni náà ní láti tọ́jú ohun tí ó rà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ti fi ẹ̀sọ̀ mú ohun tí a kò jẹ́ kí ó mọ ibi tí ó ti ń dùn ún?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ayé kò fẹ́ òtítọ́, pé bí ènìyàn bá sọ ọjọ́ orí ohun tí ó ń tà, gàn-án ni a óò gàn án. Mo gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ara èmi náà ni ó ti hàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, Irv Gordon ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1966 ni ó ra ọkọ̀ Volvo kékeré kan. Ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń wà á, títí ó fi pé 3,000,000 máìlì ní ọdún 2013. Nígbà tí ó kú ní 2018, kò sí ẹni tí ó fi ọjọ́ orí ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ńbà gan-an ni iyì rẹ̀. Ọkọ̀ tí a kò tọ́jú ni ó nílò kí òǹkà rẹ̀ gbàgbé. Èyí tí a tọ́jú, bí a bá ti rántí tó ni ògo rẹ̀ ń pọ̀ tó. Nígbà tí a fi máìléèjì Bàbá pamọ́, a rò pé ìtìjú ni a ń bò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ọdún 45 ni a ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọkùnrin náà padà wá. Iye tí ó san kò tó èyí tí ó kọ́kọ́ dárúkọ; ó fi díẹ̀ kún èyí tí ó fẹ́ san lẹ́yìn tí ó ka ìwé. Owó ilé-ìwé mi kò pé. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ni ó bá mi dí ìyókù, ó sì gba oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní òun kò ní gba kọ́kọ́rọ́ bí a kò bá fi ìwé Bàbá kún un.

Kí a tó gbé ìwé náà fún un, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń ṣí i wò. Ó dé ojú ewé ọdún 1994, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ́. Ohun tí Bàbá kọ síbẹ̀ kò gùn: "66,310. Bẹ́líìtì já. Iná pupa tàn. A kò dúró. Ẹ́ńjìnnì kú." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pa ìwé dé. Ó ní, "Èmi ni mo wà á lọ́jọ́ náà. Bàbá kò sí nínú ọkọ̀." Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí síbí, ó sì ní kí n kọ ọ́.

Bàbá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀, kò fi ohun kan pamọ́ fún ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn òun. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ nípa orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì kọ "a," bí ẹni pé òun náà wà níbẹ̀. Òtítọ́ àti ìdákẹ́jẹ́ jọ wà lórí ìlà kan, kò sì sí ìjà láàrin wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì gbà pé mo ba ọjà jẹ́ lọ́jọ́ náà, n kò sì bá a jiyàn lórí owó. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ẹni tí ó dákẹ́ ti purọ́, màá ní kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹlòmíràn ni ó fi ìdákẹ́jẹ́ náà bò, tàbí àpò ara rẹ̀ ni ó fi ń dì.